Ìwé Ńlá Ebúté-Àgbọn

Ìwé náà wúwo ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ.
Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó, ikán ti jẹ etí kan,
ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ tó sùn nínú àpótí aṣọ.
Bàbá mi àgbà, Òṣínowó akágogo,
ní kí n máa kà á sókè,
nítorí ojú òun ti di ìkùukùu orí ọ̀sà láàárọ̀.

Ráṣídì Káfíńtà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti bọ́ bàtà.
Kánsù ní Ẹ̀pẹ́ ní kó mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá
kí wọ́n tó san owó ìfẹ̀yìntì.
Ó ní, "Ẹ rọra wá a. Mo ti dúró fún wọn lọ́dún méjì."

Mo rò pé orúkọ ìrìbọmi nìkan ni n ó bá níbẹ̀.
Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́: Fẹ̀bé ọmọ Ọ̀nàfowókàn,
Sílà, Dọ̀káàsì,
àwọn ìbejì kan tí ọ̀kan padà sílé kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú yíǹkì tó ti pọ́n bí omi àgbo:

*Ṣódiípọ̀ yá bẹ́ǹṣì méjì fún ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó dá ọ̀kan padà.*
*Ọ̀bọ̀kún wọ́n. Ìdámẹ́wàá kò wọlé. Ọlọ́run ń wò wá.*
*Omi dé ẹsẹ̀ pẹpẹ. A kò ṣe ìsìn. A gbé gààrí ìlú sórí àga ìwàásù.*

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.
"Ṣé ìwọ rò pé Ọlọ́run nìkan ló ń gbé ilé yìí ni?
Òṣùwọ̀n gààrí ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn nígbà ọ̀wọ́n,
kò mojú ẹnikẹ́ni.
Bí òjò bá pẹ́, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń sá àwọ̀n sí.
Ìyá Ìjọ á máa kùn,
á tún fa abẹ́rẹ́ yọ, á máa bá wọn hun ojú tó ya.
Agogo tí mò ń lù, idẹ kọ́:
irin àgbá kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ kan tó kú sọ́nà Ìjẹ̀bú ni.
Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ wá jọ́sìn.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ti lọ.
Bí n kò bá kà á mọ́, tí mo kàn ń lù ú,
ìjì ti ká ọkọ̀ mọ́ ojú ọ̀sà nìyẹn, ẹ gbé iná wá sétí omi.
Ta ló wá ń béèrè ẹni tó ń kírun nínú òkùnkùn?
Ṣí ewé."

Mo ṣí ewé. Mo tún ṣí i.
Eruku wọ̀ mí nímú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i:

*Òru Àìkú. Omi gba gbogbo ìsàlẹ̀ ìlú.
Ìyàwó Lèmọ́mù bímọ sínú yàrá ẹ̀wù. Ọkùnrin.
Bàbá rẹ̀ pe ìrun sí i létí. A dákẹ́ títí ó fi parí.
A kò mọ ìlà tó yẹ kí á kọ ọ́ sí.
A kọ ọ́ síbí.*

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ráṣídì gbójú sókè wo òrùlé,
òrùlé tó ń pààrọ̀ páànù rẹ̀ lọ́dọọdún láìgba kọ́bọ̀,
tí a bá sì bi í, á ní, "Ilé tí wọ́n bí mi sí ló ń jò."
Ó nu ojú. Ó wúkọ́.
Ó ní, "Ibi tẹ́ ẹ ka ti bẹ́ǹṣì yẹn,
ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló wà. Ṣódiípọ̀ tà á fún bàbá mi.
Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ayùn rẹ́gi.
N ó rù ú wá lọ́la."

Ẹ̀rín wá pa Bàbá títí tí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.
"Má rù ú wá. Ta ló fẹ́ jókòó sórí igi olè?
Ọmọ, mú bírò.
Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti rí i."